Ibi Tí Mo Fi Àmì Ìdánudúró Sí

Agége,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Fọláṣadé ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Ọjọ́rú. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró kí n tó ráyè bọ́ bàtà. Inú mi dùn pé wọ́n ti fún ọ ní yàrá nínú ọgbà iléèwé, pé kànga kò jìnnà, pé ọ̀gá àgbà yín ní Ìsẹ́yìn kì í ṣe ẹni tó le koko. Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé kí o máa se omi kí o tó mu ún. Mo ti sọ ọ́, kó má baà ní mo gbàgbé.

O bi mí ní ìbéèrè kan ní ìparí lẹ́tà náà, ó sì jọ pé o fẹ́rẹ̀ẹ́ fi í ṣeré. O ní àwọn ọmọ kíláàsì kẹta rẹ ń kọ Gẹ̀ẹ́sì láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀ láì dánu dúró níbì kankan. O ní o fi báírò pupa sàmì sí ìwé wọn títí ọwọ́ fi ń ro ọ́. O wá ní, "Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń kọ́ wọn láti ìgbà tí mi ò tíì dáyé, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

Èsì kúkúrú wà fún un. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ tán lójú ìwé kan. Nígbà tí mo kà á, òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé mo ti fi èyí tó yẹ kí o gbọ́ pamọ́. Mo fà á ya. Èyí tí ò ń kà yìí ni mo kọ dípò rẹ̀. Ó gùn, nítorí náà wá ibi jókòó sí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò lọ́nà. Àwọn ọmọ yẹn kì í ṣe olódo. Èdè tí wọ́n gbọ́ lẹ́yìn ìyá wọn ni wọ́n ń kọ, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kàn fi wọ̀ ọ́ láṣọ. Àwa a máa sọ pé, "Mo jí mo wẹ̀ mo jẹun mo lọ síléèwé," kò sì sẹ́ni tó máa ní ká dúró lẹ́yìn "jí." Ọmọ tó bá wá kọ "I wake up I bath I eat I go to school," Yorùbá ló ń sọ. Má bú u. Sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì ní òfin tirẹ̀, pé níbẹ̀, ohun kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá sọ gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Jẹ́ kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sókè ketekete. Ibi tí ohùn bá ti wálẹ̀, kí wọ́n fi ìka síbẹ̀. Kí wọ́n wá bi ara wọn pé ta ló ṣe é, kí ló sì ṣe. Tí wọ́n bá rí ìdáhùn méjèèjì, wọn ò jìnnà sí gbólóhùn tó pé mọ́. Má kánjú o. Mo máa ń fi odindi táàmù kan ṣe ìyẹn nìkan.

Ìyẹn ni èsì kúkúrú. O sì lè ti mọ̀ ọ́n láti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwọn tí n óò kọ tẹ̀ lé e ni wọn kì í kọ́ èèyàn níbẹ̀.

Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, kò tíì sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé n kò mọ iṣẹ́. Mo máa ń wọ kíláàsì pẹ̀lú báírò pupa méjì, ọ̀kan lọ́wọ́, ọ̀kan nínú irun. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Títí. Mo ní kí wọ́n kọ àròkọ nípa bàbá wọn. Títí kọ ojú ìwé kan àtààbọ̀ láìsí àmì kan ṣoṣo. Mo pè é jáde, mo ní kó kà á fún wa bó ṣe kọ ọ́ gan-an, kó má mí, torí pé kò fún wa láyè láti mí. Gbogbo kíláàsì ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ń kà á lọ, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, títí ó fi dé ibi tó kọ ọ́ pé wọ́n ti dá bàbá òun dúró níbi iṣẹ́, pé láràárọ̀ ló ń múra bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, tí á sì jókòó sórí àga, tí á kọjú sí ògiri.

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Mo ní, "Ó tó, lọ jókòó." Mi ò sọ nǹkan kan nípa bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn dé ìparí ọdún, ìlà mẹ́rin péré ló ń kọ fún mi tí mo bá ní kí wọ́n kọ àròkọ. Ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa ń tọ́, lẹ́tà ńlá níbẹ̀rẹ̀, àmì ìdánudúró níparí. Mo fún un ní máàkì tó dáa. Ó pẹ́ gan-an kó tó yé mi pé ohun tí mo kọ́ Títí ni pé kó má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Nítorí náà, ọmọ mi, kọ́kọ́ ka ìwé wọn bí ẹni ń ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i. Jẹ́ kí báírò wà nínú àpò. Nígbà tí o bá mọ ohun tí ọmọ náà ń sọ, nígbà náà ni kí o wá mú un jáde.

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi parí síbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kẹta kan ṣì kù, òun ló jẹ́ kí n fa ìwé àkọ́kọ́ ya. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí àfi bàbá rẹ, òun náà kò sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

O rántí Sìfáwù, Ìyá Kúdí, tó máa ń wá dirun fún ọ ní ọjọ́ Sátidé nígbà tí o wà ní fọ́ọ̀mù kìíní. Òun ló máa ń mú bísíkíìtì tó ti rún wá fún ọ nínú ọ̀rá. O bi mí nígbà yẹn pé kí ló dé tí kò wá mọ́. Mo ní ó ti kó lọ sí Ìjẹ̀bú lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Sìfáwù kò kúrò ní Agége ní ọjọ́ kan.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọdún tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba yẹn, bẹ̀rẹ̀ sí í ta wá lára ni. Owó oṣù àwa olùkọ́ kì í wọlé lásìkò, ilé-iṣẹ́ bàbá rẹ sì ti sọ iṣẹ́ wọn di ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì kan wà lápá Ọ̀gbà tó ń wá olùkọ́ tí yóò máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ sí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Òṣìṣẹ́ tó bá lè kọ ọ́ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi jẹ fọ́máànù. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, tí mo bá ti kúrò níléèwé, ni mo máa ń lọ. Ilé oúnjẹ wọn la ti ń ṣe é, láago mẹ́rin, nígbà tí àwọn tó wá láàárọ̀ bá ṣíwọ́. Gbogbo ara wọn á máa rùn fún mílíìkì àti ṣúgà.

Àgbàlagbà ni wọ́n, nǹkan bí ogún. Mo ń kọ́ wọn bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé. Mo ń pè wọ́n ní "ìwọ." Sìfáwù ti bí ọmọ mẹ́ta, bóyá ọdún méjì péré ni mo fi jù ú lọ, síbẹ̀ "ìwọ" ni mo ń pè é, òun ń pè mí ní "ẹ̀yin Tísà." Ìwé kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kà dé. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn kíláàsì yẹn bíi tirẹ̀. Ó máa ń gba páálí bísíkíìtì, á gé e sí wẹ́wẹ́, á máa kọ gbólóhùn sí i nílé, á kó o wá fún mi. Nítorí páálí yẹn la ṣe dọ̀rẹ́ tó fi di pé ó ń wá dirun fún ọ.

Ìdí ẹ̀rọ tó ń tẹ ìyẹ̀fun ló ti ń ṣiṣẹ́. Irin méjì tó rí roboto ni, wọ́n á máa yí, ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò á gba àárín wọn kọjá, á sì di pẹlẹbẹ. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó àlìkámà wọ̀lú, ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í po àgbàdo mọ́ ọn. Ó di nǹkan tó ń lẹ̀ mọ́ irin. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n á dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n á kọwọ́ bọ àárín irin náà, wọ́n á ha á kúrò. Níbi tó ti ń ha á lọ́jọ́ kan ni ẹ̀rọ ti mú ìka ọwọ́ òsì rẹ̀. Méjì lọ. Ẹ̀kẹta wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò ṣeé ká mọ́.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ilé-iṣẹ́ ní kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, kó sì fọwọ́ sí i, kí àwọn tó máa gbẹ́jọ́ rẹ̀ lè rí i kà. Akọ̀wé kan fẹ́ bá a kọ ọ́. Sìfáwù kọ̀. Ó ní òun ń lọ sí kíláàsì, òun á fọwọ́ ara òun kọ ọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì pé.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ, báńdéèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ìwé wà ní ìkejì.

Ó ní, "Ẹ̀yin Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gbà á."

Mo ń kánjú. Máníjà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ti ránṣẹ́ pé kí n rí òun kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti ń sọ kiri pé ó fẹ́ fún mi níṣẹ́ gidi ní ọ́fíìsì. Mo fi ìwé náà ti ara ògiri, mo fa báírò pupa yọ. Mi ò jókòó. Mi ò bi í bí ọwọ́ ṣe ń ṣe é.

Orúkọ rẹ̀ tọ́, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ tọ́. Mo dé ìlà tó wà láàárín, ó kọ ọ́ báyìí: "The machine stop when I put my hand inside supervisor on it."

Tún un kà, Àbẹ̀kẹ́. Tí o bá dánu dúró lẹ́yìn "stop," ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀rọ ti dúró. Ìgbà tí òun wá kọwọ́ bọ inú rẹ̀ ni sùpáfáísọ̀ tàn án. Ẹ̀bi sùpáfáísọ̀ nìyẹn. Tí o bá dánu dúró lẹ́yìn "inside," ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀rọ ń yí lọ́wọ́ nígbà tó kọwọ́ bọ̀ ọ́, pé ọwọ́ rẹ̀ ló dá a dúró. Ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn.

Mi ò rí ọ̀nà méjì. "When" nìkan ni mo rí. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo kọ́ wọn pé awẹ́ gbólóhùn tó bá fi "when" bẹ̀rẹ̀ kò lè dá dúró, pé wọ́n gbọ́dọ̀ wá ìkejì fún un. Mo tilẹ̀ ní kí wọ́n máa wí i tẹ̀ lé mi bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo wá ìkejì fún un. Èyí tó sún mọ́ ọn jù lẹ́yìn ni mo so ó mọ́. Mo kọ ọ́ pé: "The machine stopped when I put my hand inside. The supervisor had put it on." Mo fi "had" síbẹ̀ nítorí pé ó dùn mọ́ mi nínú. Ó wá dà bíi pé sùpáfáísọ̀ ti tan ẹ̀rọ láti àárọ̀ bó ṣe máa ń tàn án lójoojúmọ́.

Sìfáwù gba ìwé náà, ó ń wò ó. Ó ní, "Tísà, ṣé ohun tí mo sọ náà ló ṣì ń sọ?"

Mo ti ń gbé báàgì mi. Mo ní, "Gbólóhùn tó pé ni báyìí. Lọ dà á kọ, kí o fọwọ́ sí i."

Ó dúpẹ́. Mo lọ rí máníjà. Ó fún mi ní ìgò kóòkì kan, ó ní ká máa wo bí nǹkan yóò ṣe rí.

Wàá ti máa fura bó ṣe parí. Nígbà tí wọ́n jókòó lé ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n ka ìwé rẹ̀ sí i létí. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ń yí lọ́wọ́ kí òun tó kọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ní ìbuwọ́lù ta nìyí? Ó ní tòun ni. Wọ́n fún un ní ìwé gbélé-ẹ, wọ́n ní aláìbìkítà ni. Sùpáfáísọ̀ padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó wá sílé wa. O wà níbi ìdánrawò àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò jókòó. Ó mú ìwé tó kọ́kọ́ kọ, èyí tí báírò pupa mi wà lára rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

Ó ní, "Tísà, ẹ bá mi kà á. Ibo ni mo ti sọ pé ẹ̀rọ ń yí? Mo ti pa á. Gbogbo àwọn tí a jọ wà níbẹ̀ rí i pé mo ti pa á kí n tó kọwọ́ bọ̀ ọ́."

Mo wo ìwé náà. Láàárín kí ojú tó ṣẹ́ ni mo ti rí i. Bíi pé ẹnì kan fi ìka tọ́ ọ fún mi.

Ọmọ mi, ohun tó yẹ kí n sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. "Sìfáwù, èmi ni mo ṣe é." Ohun tí mo sọ ni pé, "Ìwọ lo kọ ọ́ láìsí àmì. Tó bá jẹ́ pé o fi àmì sí i bí mo ṣe kọ́ ọ, wọn ò ní ṣì ọ́ gbọ́."

Ó tún wo ìwé náà. Ó ní, "Òótọ́ ni, Tísà. Èmi ni mi ò fi dọ́ọ̀tì sí i. Ẹ má bínú pé mo wá dà yín láàmú." Ó kúnlẹ̀ kí mi kó tó lọ. Pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́. Ó gbàgbé ìwé náà sórí tábìlì, àbí ó fi í sílẹ̀ fún mi ni, mi ò mọ̀.

Mo fi ìwé yẹn sínú àpótí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lójoojúmọ́ ni mo máa ń pinnu pé n óò mú un lọ bá máníjà lọ́la. Nígbà tí mo lọ níkẹyìn, ó kà á, ó wo báírò pupa, ó wo èmi náà. Ó ní, "Mísìs, a ti parí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé tó fọwọ́ sí ló wà nínú fáìlì. Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé olùkọ́ tí a gbà kò mọ ibi tó yẹ kó fi fúúsítọ́ọ̀pù sí?" Ó fi ẹ̀rín kún un. Mo lè ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n gbọ́. Mo lè ti lọ bá ẹni tó jù ú lọ. Mo lè ti wá àwọn tí wọ́n jọ wà nídìí ẹ̀rọ. Mo ká ìwé náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ kọ́ kíláàsì mi. Àga Sìfáwù ṣófo.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì tí mo torí rẹ̀ dákẹ́ kò wá. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti pa kíláàsì náà tì, wọ́n sì dá ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ dúró. Sùpáfáísọ̀ náà wà lára wọn. Mo ti rò pé ìyẹn máa mú ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́ lọ́kàn mi. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọdún tó kọjá, nígbà tí o ń ṣe ìdánwò àṣekágbá, mo wá Sìfáwù lọ. Wọ́n júwe rẹ̀ fún mi lẹ́bàá ọ̀nà rélùwéè, lápá ibi tí àwọn tó ń ta irin àlòkù wà. Kẹrosíìnì ló ń tà. Ó fi ìka tó kù ní ọwọ́ òsì di àrọ mú, ó ń fi ọ̀tún rọ epo sí i. Kò da epo kankan nù. Ó dá mi mọ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, ó gbé àga fún mi, ó ní kí Kúdí bu omi wá. Kúdí ti dàgbà, ó ti wà ní fọ́ọ̀mù kẹrin.

Mo ní, "Ìyá Kúdí, mo wá bẹ̀ yín ni." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pè é ní "ẹ̀yin" nìyẹn. "Dọ́ọ̀tì yẹn, èmi ni mo fi í síbi tí kò yẹ. Ohun tẹ́ ẹ kọ tọ́. Èmi ni mo yí i padà, mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù yín."

Ó parí epo tó ń rọ. Ó nu ọwọ́. Ó ní, "Mo mọ̀, Tísà. Kúdí ti kà á fún mi tipẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó kà á lọ́nà méjèèjì."

Mo gbé ife omi tí Kúdí bù fún mi sílẹ̀.

Ó ní, "Dọ́ọ̀tì yẹn kọ́ ló dùn mí. Àṣìṣe ni, mo gbà. Ohun tó dùn mí ni pé mo bi yín. Mo bi yín pé ṣé ohun tí mo sọ náà ló ṣì ń sọ, ẹ ò dá mi lóhùn."

Kò pariwo. Kò sunkún. Oníbàárà kan dé, ó dìde lọ dá a lóhùn. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó sìn mí dé ẹ̀bá ọ̀nà, ó ní, "Ta ló ń dirun fún Ṣadé báyìí?" Mo ní ìwọ fúnra rẹ lo ń ṣe é. Ó ní kí n kí ọ. Mi ò jíṣẹ́ yẹn fún ọ títí di òní, nítorí pé tí mo bá jẹ́ ẹ, o máa bi mí pé ibo ni mo ti rí i.

Kò sọ pé òun dárí jì mí, mi ò sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo máa ń yà kí i nígbà mìíràn. Ó máa ń gbé àga fún mi.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò kiri. Ohun tí mo fi í kọ́ kò pọ̀, mo sì fẹ́ kó o gbà á lọ́wọ́ mi kó má baà jẹ́ pé o máa sanwó rẹ̀ lára ẹlòmíràn. Tí o bá rí gbólóhùn tó ṣeé kà lọ́nà méjì, má ṣe yàn fún ọmọ náà. Pè é. Má fi Gẹ̀ẹ́sì bi í. Wí pé, "Sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá, báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?" Ká ní mo bi Sìfáwù bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, á ti sọ pé, "Ẹ̀rọ ti dúró. Ìgbà tí mo wá kọwọ́ bọ̀ ọ́ ni sùpáfáísọ̀ tàn án." Ohùn rẹ̀ ìbá ti fi ibi tí àmì wà hàn mí. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí sí. Iṣẹ́ tìrẹ ni láti fi bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ hàn án.

Tí ọmọ kan bá sì bi ọ́ ní ìbéèrè, bó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ tó, gbé báàgì rẹ sílẹ̀ kí o tó dáhùn. Má fi òfin dáhùn ẹni tó béèrè ìtumọ̀.

Nígbà tí o bá ṣàṣìṣe, nítorí pé wàá ṣe é, sọ ọ́ lọ́jọ́ tí o bá rí i. Èyí ló le jù, òun ni mi ò sì lè ṣe. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló rọrùn jù láti sọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì, o ti ní láti ṣàlàyé ìdí tí o kò fi sọ ọ́ lánàá. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, àlàyé ti pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ.

Ó tún ku ohun kan, kékeré ni. Máa bọ̀wọ̀ fún àwọn òbí tí wọn kò mọ̀wé tí wọ́n bá wá sí iléèwé yín, kí o sì máa pè wọ́n ní "ẹ̀yin," kódà kí wọ́n kéré sí ọ.

Bàbá rẹ ti jí lójú oorun ọ̀sán, ó ń béèrè pé ìwé wo ni mò ń kọ láti ìgbà tí a ti ti ìsìn dé. Mo ní ìwọ ni mò ń dá lóhùn. Ó ní kí ló wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àmì ìdánudúró. N óò fún un kà kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí òun náà gbọ́ ìyókù.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára ju tèmi lọ. Kó fún ọ ní sùúrù tí mi ò ní nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ. Mi ò mọ irú ojú tí wàá fi wò mí lẹ́yìn tí o bá ka èyí tán. Tí ibì kan bá wà níbẹ̀ tí kò yé ọ, tàbí tó jọ pé ó lè ní ìtumọ̀ méjì, má bá mi parí rẹ̀. Kọ̀wé sí mi, kí o bi mí. N óò dá ọ lóhùn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.